Ìlà Pupa Lára Nọ́ọ̀tì Bíréèkì

Ìyá Bíréèkì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ kankan. Bíréèkì ló ń tọ́jú bí ọmọ. Bí mọ́tò bá ń ké kó tó dúró, tàbí tó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ nígbà tí orúnkún bàbá kọ̀ láti máa wọ abẹ́ mọ́tò mọ́. Kì í ṣe aláriwo. Ó máa ń kọ orin sínú bó bá ń ṣiṣẹ́, tí orin náà bá sì dáwọ́ dúró, àwọn tó mọ̀ ọ́n á ti mọ̀ pé ó ti rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní Ọjọ́rú, orin náà dáwọ́ dúró.

Mọ́tò àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló fà á. Mọ́tò eré ìje ni, ó rẹlẹ̀ bí ẹni tó lúgọ de nǹkan. Ilé ìtẹ̀wé ni àbúrò náà ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀ báyìí, ó di pápá ìje. Lọ́jọ́ náà, ó ti ibi ìdánrawò dé, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ṣàlàyé pé nígbà tí òun kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, bíréèkì ń mú dáadáa. Àmọ́ nígbà tí òun ti yí pápá po lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í rì lábẹ́ ẹsẹ̀ òun bí ìgbà téèyàn tẹ ẹrẹ̀. Ní kọ́nà tó kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni òun tẹ̀ ẹ́ kó tó mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí agolo ọ́ìlì bíréèkì wò. Ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀.

“Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìdíje,” ni àbúrò wí. “Màá lọ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi wò ó, ẹ má kàn ní kí n má lọ.”

“Èmi ò ní kí o má lọ,” ni ó fèsì. “Mọ́tò yìí ni kò ní lọ, àfi tí mo bá mọ ibi tí ọ́ìlì rẹ̀ ń gbà jáde.”

Ní Ọjọ́bọ̀, ó tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fi tọ́ọ̀ṣì tọ páìpù bíréèkì láti ìdí pẹ́dà dé ìdí táyà, gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ó wá kù nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lára bíréèkì táyà kọ̀ọ̀kan, èyí tó ní ihò láàárín, tí wọ́n máa ń tú díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde nígbà tí wọ́n bá da ọ́ìlì tuntun sí i. Ìdí àwọn nọ́ọ̀tì náà rin díẹ̀díẹ̀. Ẹlòmíì ì bá ti fò sókè pé òun ti rí i. Ṣùgbọ́n Ìyá Bíréèkì mọ̀ pé rírin bẹ́ẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí wọ́n bá lé afẹ́fẹ́ jáde tán, ọ́ìlì díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sínú ihò nọ́ọ̀tì, tí bíréèkì bá sì gbóná, ìyẹn náà á rọra yọ síta, á dà bíi pé ó ń jò.

Nítorí náà, ó nu gbogbo rẹ̀, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ihò wọn títí wọ́n fi gbẹ, ó wá fi àtíkè pa ìdí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, wọ́n funfun bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ó bẹ bàbá rẹ̀ kó jókòó sínú mọ́tò kó máa tẹ pẹ́dà. Bàbá bi í bóyá kí òun máa fọn fèrè mọ́tò mọ́ ọn pẹ̀lú.

“Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́, Bàbá.”

Bàbá tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Àtíkè ò rin. Bàbá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kó fún àwọn nọ́ọ̀tì náà ní ti ilé, kó sì jẹ́ kí ọmọkùnrin máa lọ.

Ti ilé yìí, àṣà ìdílé wọn ni. Bí Bàbá bá ti mú nọ́ọ̀tì le tán, á tún fi sípánà fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, á ní ti oníbàárà lèkíní, ti ilé nìyí. Bó ṣe kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì nìyẹn láti kékeré.

Ìyá Bíréèkì dá àwọn táyà padà sí àyè wọn. Ohun tó ń rò ni pé inú ooru ni àbúrò òun ti rí ìjọ̀gbọ̀n yìí, inú òtútù sì ni òun ti ń wá a.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ó dé akoto, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀ ní pápá ìdánrawò. Ní gbogbo kọ́nà, ó di ìjókòó mú, ṣùgbọ́n kò ní kí ó rọra. Nígbà tí pẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í rì, wọ́n yà kúrò lójú ọ̀nà. Táyà ṣì gbóná débi pé kò ṣeé dì mú nígbà tó ti jáàkì bọ abẹ́ mọ́tò. Àtíkè gbẹ lára àwọn yòókù. Ti iwájú lọ́wọ́ òsì ti di ẹrẹ̀.

“Ìwọ rèé,” ló wí jẹ́jẹ́.

Nígbà tí wọ́n rọra gbé mọ́tò padà dé ṣọ́ọ̀bù, tó sì ti tutù, ó tú nọ́ọ̀tì náà. Ẹnu rẹ̀ tó yẹ kó jọ ṣóńṣó gègé ti tẹ́, ojú ọgbẹ́ kan sì yí i po. Wọ́n ti fún un le jù. Bí kò bá gbóná, ó ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n bí irin bá ti gbóná tó sì fẹ̀, ọ́ìlì á rí ọ̀nà gbà. Àwọn yòókù náà ti ń bá a bọ̀ lọ́nà kan náà. Ta ló wá ń fún wọn jù? Òun kọ́, torí sípánà tó máa ń dún kẹ́ tó bá ti tó ló ń lò, ó sì ti pẹ́ tó ti jáwọ́ nínú ti ilé lórí nọ́ọ̀tì oníhò.

Ó pààrọ̀ gbogbo wọn sí tuntun, ó mú wọn le títí sípánà fi dún, ó wá mú kútẹ́ẹ̀sì pupa, ó fi fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì dé ara bíréèkì. Bí ẹnikẹ́ni bá yí nọ́ọ̀tì náà, ìlà á já. Ó lọ fọwọ́.

Nígbà tó padà dé, ìlà iwájú ti já. Àbúrò rẹ̀ lóṣòó ti táyà, orí sípánà yọ nínú àpò rẹ̀. Kò jiyàn.

“Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá ti ń lọ sí pápá, mo máa ń fún un ní ti ilé. Àmọ́ iwájú nìkan ni o.”

Ẹ̀gbọ́n lọ wo ẹ̀yìn. Ìlà ẹ̀yìn náà ti já. Àwọn méjèèjì yíjú sí àga ẹnu ọ̀nà, níbi tí Bàbá ti tẹjú mọ́ páànù òrùlé bí ẹni tí wọ́n ní kó ka ìṣó ibẹ̀.

“Bàbá.”

“Tòní yìí, ẹ̀yìn nìkan ni mo débẹ̀,” ni Bàbá wí. “Orúnkún ò jẹ́ n dé iwájú.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìyá Bíréèkì, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ó na nọ́ọ̀tì tó ti bàjẹ́ náà sí wọn kí wọ́n fi ìka kan ẹnu rẹ̀. “Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ihò wà nínú nọ́ọ̀tì yìí, ti ilé ló sì ń jẹ ẹ́ run. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fọwọ́ kàn án, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ò ní kúrò lápò mi lọ́la.”

Bàbá yí nọ́ọ̀tì náà sọ́tùn-ún sósì. “Kí ni kí n wá máa ṣe? Kí n káwọ́ gbera kí n máa wo ọmọ mi?”

“Ìlà ni kí ẹ máa wò, Bàbá.”

Ó tún pààrọ̀ wọn, ó tún fa ìlà, ó sì tún fi àtíkè pa ìdí wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó tún bá àbúrò rẹ̀ yí pápá po títí bíréèkì fi gbóná janjan. Pẹ́dà ò rì. Àtíkè funfun báláú.

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí àbúrò tó wọ mọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ lọ sápò fúnra rẹ̀, kò bá sípánà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Bàbá gba tọ́ọ̀ṣì. Ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ ti ara rẹ̀ dé ìdí táyà kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó kérora, ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó yọjú láàárín irin táyà. Ọ̀gá pápá ń pariwo pé kí wọ́n yára. Bàbá ò yára. Ó yí i po tán pátápátá kó tó nàró.

“Ìlà wà níbẹ̀,” ló wí. “Máa lọ.”

Àbúrò ò gba ipò kìíní, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdíje parí, tí mọ́tò náà ń sáré bọ̀ wá síbi tí àwọn méjèèjì dúró sí, ó tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mọ́tò náà sì dúró gbọn-in níwájú wọn. Ó gbé akoto kúrò lórí, ó ní bí pẹ́dà ṣe le láàárọ̀ ló ṣe le títí dópin.

Ìyá Bíréèkì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi táyà iwájú, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ìlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ orin tó ń kọ sínú, Bàbá sì ń fi ọ̀pá rẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀.