Obì, Ààwẹ̀ àti Orí Ìyá Mi

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyá mi ní orí ń fọ́ àwọn. Mo wo aago ọwọ́ mi, nítorí mo ti ń retí rẹ̀. Ọdọọdún ni orí máa ń fọ́ wọn lọ́jọ́ kìíní ààwẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, mo wà nílé wa ní Òwu.

Àbúrò wọn, tó wá kí wa láti Láfẹ́nwá, ní, “Ẹ̀jẹ̀ wọn ló ru. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sọ́sípítù.”

“Kí n ba ààwẹ̀ ọjọ́ kìíní jẹ́? Oògùn ni wọ́n máa ní kí n gbé mì.” Ìyá mi wò mí. “Ìwọ tó kàwé, kí lo rí sí i?”

Mo ní obì ni. Kò sí àárọ̀ tí wọn kì í jẹ obì gbànja ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn. Mo ṣàlàyé pé ìránṣẹ́ kan wà nínú ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní adẹnosíìnì, tó máa ń ní kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀. Obì a máa dí i lọ́nà. Bí obì bá dáwọ́ dúró lójijì, ìránṣẹ́ náà ráyè, iṣan á fẹ̀ jù, orí á sì máa fọ́.

Àbúrò wọn pòṣé. “Gbogbo ọdún tó o lò ní yunifásítì, obì lo lọ kọ́? Àwọn Gàḿbàrí tó ń tà á ní Láfẹ́nwá ò gbàwé ẹ̀rí o, Dókítà.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn méjèèjì ló gbéra. Mo wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ kan á wọ́. “Fi ọmọ mi sílẹ̀. Ó di ìgbà ìṣínu.”

N kò purọ́. Olùkọ́ wa ló sọ ọ́ fún wa, àmọ́ n kò fojú ara mi rí i rí. N kò sì sọ fún wọn pé orí fífọ́ tí àìjẹ obì ń fà àti èyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà lè jọra.

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n pe ìrun Màgàríbì. Ìyá mi mu omi, mo la obì fún wọn. Mo ní ká fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Kò pé bẹ́ẹ̀. Àbúrò wọn ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, obì ti já bọ́ lọ́wọ́ yín.” Ìyá mi ò mọ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn.

Aládùúgbò wa kan ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sọ́sípítù. Dókítà bi mí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, mo ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó béèrè ohun tá a dúró ṣe látìgbà náà. Àbúrò ìyá mi wojú mi. Dókítà ní iṣan kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ. Ohun tó sọ nìyẹn. N kò rí i. Kò sọ bóyá wákàtí mẹ́ta ì bá yí nǹkan padà, n kò sì bi í. Bí ìyá mi ṣe dákẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ẹnu àwọn ẹlòmíì ni mo ti gbọ́ ọ.

Èyí tí mo mọ̀ fúnra mi ni pé nígbà tí mo kúnlẹ̀ ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ní kí ìyá mi di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ọwọ́ òsì wọn dì mí mú. Ti ọ̀tún ò dì mí mú.