Aunty Mìsítúrà Lórí Òkè Alps

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Aunty Mìsítúrà ti ń wa bọ́ọ̀sì ní Peckham, ní London níbí. Wọn kì í pariwo, wọn kì í sáré, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jókòó sídìí sítíárì, ọkàn èrò á balẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Yusrah, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, fẹ́ ṣe nikah ní Italy. Àwa obìnrin márùn-ún láti mọ́ṣáláṣí wa bá Aunty wọ bọ́ọ̀sì kékeré kan tí wọ́n háyà, àwọn fúnra wọn ló ń wà á. Nígbà tí a dé Switzerland, a gbọ́ pé ihò abẹ́ òkè tí mọ́tò ń gbà kọjá sí Italy ti wà ní títì. Ọ̀nà orí òkè ló kù.

Ọ̀nà náà lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan òkúta, ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀gbun. Nínú oṣù keje, yìnyín ṣì wà níbẹ̀! Kò pẹ́ ni kùrukùru bolẹ̀. Àdúà nìkan là ń ṣe.

Lójijì, Aunty tẹ bíréèkì. Mọ́tò kan dúró ní kọ́nà níwájú wa. Èmi àti Aunty sọ̀ kalẹ̀. Bàbá òyìnbó kan ló wà nídìí rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń sunkún. Bàbá náà ní ẹ̀rù ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kú, òun ò lè lọ síwájú, òun ò sì lè padà.

Aunty fọwọ́ kàn án léjìká, wọ́n fi òyìnbó sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ bọ́ sẹ́yìn. Iṣẹ́ mi nìyí."

Mo fà wọ́n láṣọ. "Aunty, àwa ńkọ́?"

"Rahmah, ṣé ká wá fi wọ́n sílẹ̀ síbí? Padà sínú bọ́ọ̀sì, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀."

Wọ́n wa mọ́tò náà dé góńgó òkè, níbi tí ààyè wà láti páàkì kí bàbá náà sinmi, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn padà nínú kùrukùru. Nígbà tí a rí híjáàbù wọn, gbogbo wa kígbe "Alhamdulillahi!" Wọ́n wọlé. Wọ́n ní ká de bẹ́líìtì wa, kí wọ́n tó ṣíná.

Jíà kejì ni wọ́n fi sọ̀ wá kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí Italy, kí bíréèkì má baà gbóná. Ààfáà ti ń dúró dè wá. Bí wọ́n ṣe so yìgì tán, Aunty sùn lọ lórí àga, wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti padà sẹ́nu shift wọn. Èmi ni mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òkè ní mọ́ṣáláṣí. Aunty fúnra wọn ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan.