Kánádà Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Ìdáná

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Albany Park níbí ní Chicago, sítíkà àti bèbí ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń kó jọ. Èmi, Kánádà ni mò ń kó jọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Pósíkáàdì ni mò ń wí, àwọn káàdì àtijọ́ tí àwòrán wà níwájú wọn, tí ẹni tó rìnrìn àjò ń kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sí lẹ́yìn kí ó tó fi ránṣẹ́ sílé. Àwọn tèmi ti tó bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Orí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára sítáǹbù wọn. Bàbá mi tó ń wa takisí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní Flossmoor, lápá gúúsù, tí arúgbó kan bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ lè ṣí ilé sílẹ̀ ní Sátidé, kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé wá ra ohun tó wù ú. Bàbá mi gbé èrò lọ síbẹ̀, ó bá wọn wọlé, ó sì gbé odindi páálí káàdì bọ̀ wá fún mi. Ará Kánádà ni ìyá tó kú náà. Màmá mi ní kí ló dé tí a ó fi gbé ẹrù òkú wọlé. Bàbá mi ní bébà ni, kì í ṣe aṣọ.

Láti ìgbà náà, èmi àti Bàbá a máa lọ wá sí i ní Sátidé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níbí bíi tèmi, ẹ ó mọ̀ pé kò rọrùn bẹ́ẹ̀. N óò kọ́kọ́ ṣa ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, n óò fọ balùwẹ̀, n óò sì ka kéú mi. Tí mo bá sáré kà á torí káàdì, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ méjèèjì lókè, títí apá mi yóò fi máa gbọ̀n.

Ìka ni mo fi ń mọ ojúlówó. Ti àtijọ́ máa ń le díẹ̀, ojú rẹ̀ kì í dán. Ọ̀dà ni wọ́n fi kun àwòrán dúdú àti funfun, nítorí náà, tí mo bá gbé e súnmọ́ iná, n óò rí i pé pupa ètè obìnrin inú rẹ̀ ti ṣàn kọjá ètè lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀kan wà tí omi ńlá Niagara ti dì gbagidi, tí àwọn èèyàn wọ gáùn gígùn, tí wọ́n dé fìlà, tí wọ́n ń rìn lórí omi náà bí ẹní ń lọ kí ọ̀rẹ́. Tí mo bá ti mú un, n kì í fẹ́ gbé e sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni wá. Bàbá mi ní málàíkà kì í wọ yàrá tí àwòrán èèyàn bá wà, yàrá mi la sì ti ń kírun. Bí Kánádà ṣe di ará inú kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná nìyẹn, láàárín ìkòkò àti ẹja pańla. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ orúkọ Niagara, òórùn pańla ló ń wá sí mi nímú.

Ọdún tí màmá mi bí àbúrò mi, Màmá Ìwó, ìyá tó bí màmá mi, wá láti Nàìjíríà láti bá wa tọ́jú ọmọ. Ó ku díẹ̀ kí màmá mi parí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Tí kò bá sí ẹni tó máa gbọ́mọ, àfi kó jáwọ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nígbà tí yìnyín wá dé, Màmá Ìwó kò fẹsẹ̀ kan ìta mọ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí, ó wé gèlè lé fìlà òtútù, ó ń wo ìta bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Oúnjẹ kò wọlé sí i mọ́. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì òun. Màmá mi kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí.

“Rafiatu, dìde,” ló wí. “Òtútù yìí ò mọ̀ mí rí, èmi náà ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ṣé òkú mi lẹ fẹ́ dá padà sí Ìwó ni?”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo rí màmá mi tó ń kó ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sínú páálí. Kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Ìwó ń wá asẹ́ tí yóò fi sẹ́ ògì, ó bá káàdì mi pàdé. Ó pè mí, ó ní ta ló kó àwọn òkú òyìnbó sáàárín ẹja. Mo kúnlẹ̀, mo ní tèmi ni. Mo rò pé yóò ní kí n lọ dà wọ́n nù. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní kí n bá òun mú gíláàsì ojú òun wá. Ó jókòó, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń ṣàlàyé: ẹṣin tó ń fa ẹrù lórí yìnyín, àwọn ọkùnrin Montreal tó ń fi ayùn rẹ́ omi dídì bí ẹní rẹ́ pákó. Ó kan ọ̀kan, ó dúró lórí rẹ̀.

Obìnrin kan dúró nínú yìnyín tó mù ún dé orúnkún. Ó fi kúbùsù bora, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, orí ọmọ náà nìkan ló yọ.

“Òyìnbó ń pọnmọ?”

Mo ní kì í ṣe òyìnbó, àwọn tó ni ilẹ̀ Kánádà kí òyìnbó tó dé ni, tíṣà wa ló sọ fún wa. Ó gbé káàdì náà súnmọ́ ojú, ó fi ìka tọ ibi tí wọ́n ti so aṣọ náà níwájú àyà. Ó béèrè bóyá èèyàn gidi ni. Mo ní èèyàn gidi ni.

“Ó sì jáde báyìí?”

“Ó jáde, mà.”

“Wo ọmọ yẹn,” ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. “Oorun ló ń sùn.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba kóòtù bàbá mi tó tóbi jù. Ó pọn àbúrò mi, ó gba ọ̀já mọ́ ọn, ó wọ kóòtù lé ọmọ, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó ṣílẹ̀kùn. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Yìnyín ń rún wómúwómú lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Aládùúgbò wa, bàbá ará Mẹ́síkò tó ń kó yìnyín kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, dá ṣọ́bìrì dúró, ó ṣí fìlà fún un. A rìn dé kọ́nà, a sì padà. Omi ń bọ́ lójú Màmá Ìwó nítorí atẹ́gùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

“Rafiatu,” ló wí, “kó ìwé rẹ jáde.”

Kò lọ títí màmá mi fi wọ aṣọ nọ́ọ̀sì.

Lónìí èmi náà ti dọlọ́mọ, Calumet City, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago, ni mò ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ irú káàdì yẹn yóò rí i lórí fóònù, yóò tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbé e wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. Àìmọye àwòrán ni ọmọ mi ń fi ìka tì kọjá lójúmọ́, kò dúró lórí ọ̀kan. N kò lè bá a wí, èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí òtútù bá sì dé, fóònù kan náà la kọ́kọ́ ń wò, kí a mọ bó ṣe tutù tó, kí a tó pinnu bóyá a ó jáde. Màmá Ìwó kò bi ẹnikẹ́ni bó ṣe tutù tó rí. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọlọ́mọ kan ti jáde sínú rẹ̀ rí.