Ṣé Ibẹ̀ Ló Parí Sí?

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń béèrè bí a ṣe ja ìjà òṣìṣẹ́ láyé ọjọ́un, ẹ fara balẹ̀. Ọdún tí ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ǹtì tò lọ súà ní Àpápá, tí wọn kò ráyè gúnlẹ̀, lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Eruku sìmẹ́ǹtì ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwa tí à ń já ẹrù jẹ́. A ní kí ilé-iṣẹ́ fún wa ní ìbomú àti ìbọ̀wọ́, wọ́n kọ̀. A daṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́.

Ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lọ́dọ̀ Tíṣà Ọláòkun tó kọ́ wa ní ìwé kẹfà. Tíṣà a máa rán wa kiri àdúgbò láti lọ ka lẹ́tà fáwọn tí kò mọ̀wé. Wọn a ní, "Ojú rẹ lo yá wọn. O ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan pa mọ́." Bí ẹnì kan bá sì kàwé tán ní kíláàsì, àwa tó kù ní láti béèrè pé, "Ṣé ibẹ̀ ló parí sí?"

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí a ti wà níta, lẹ́tà ilé-iṣẹ́ dé. Wọ́n gbà: ìbomú, ìbọ̀wọ́, gbogbo rẹ̀. Ìpínrọ̀ ìkẹyìn ló burú: àwọn mẹ́fà kan kò ní padà sẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ èmi àti alága ẹgbẹ́ kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo sì máa ka lẹ́tà náà sókè fún gbogbo òṣìṣẹ́.

Alága fẹnu sí mi létí: "Akọ̀wé, fo ìyẹn. Ebi ti ń pa àwọn èèyàn yìí. Jẹ́ ká wọlé ná."

Mo fò ó. Ariwo ayọ̀ sọ.

Ohùn kan ta láti ẹ̀yìn: "Ṣé ibẹ̀ ló parí sí?"

Ráfíù ni, tí a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan ní kíláàsì Tíṣà.

Ẹnì kan tí òun náà ti jókòó ní kíláàsì yẹn kígbe pé, "Jókòó jàre! A ò sí ní ìwé kẹfà níbí o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ráfíù kò jókòó. Ó tẹjú mọ́ mi.

Mo tún lẹ́tà náà ṣí. Mo ka orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Orúkọ Ráfíù ló kẹ́yìn.

A kò wọlé. A tún lo ọjọ́ méjìlá níta kí ilé-iṣẹ́ tó gba márùn-ún padà. Wọ́n ní Ráfíù ló da ọ̀rọ̀ rú, àwọn ò fẹ́ rí i. A wọlé láìsí i.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Tíṣà fẹ̀yìn tì, àwa ọmọ ilé-ìwé wọn àtijọ́ sì péjọ. Mo dìde, mo ròyìn bí ìbéèrè Tíṣà ṣe gba iṣẹ́ padà fún èèyàn márùn-ún. Àtẹ́wọ́ ròkè. Tíṣà gbójú sókè.

"Ọmọ mi, ṣé ibẹ̀ ló parí sí?"

Ráfíù wà níbẹ̀. Láti Ìjọra ló ti wá, níbi tó ti ń lẹ táyà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Tèmi kò tiẹ̀ rìn jìnnà.

"Rárá, sà. Èmi ni mo kọ́kọ́ fo ibi tí orúkọ wọn wà."

Tíṣà nawọ́ sí Ráfíù. "Òun ni kí o sọ ọ́ fún."

Ráfíù ní, "Mo ti mọ̀. Ojú ẹ ni mo wò lọ́jọ́ náà tí mo fi béèrè. Mo kàn ń retí kí o kà á tán ni."

Ìbomú tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lónìí, a jà kí a tó rí i. Àwọn márùn-ún padà. Ráfíù kò padà títí ó fi kú, kò sì sí ìwé kankan tó sọ pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ṣì kù. Bí ẹnikẹ́ni bá ka ìwé tó dùn létí fún yín, ẹ má tètè pàtẹ́wọ́.