Alágbàfọ̀ Tó Fẹ́ràn Àbàwọ́n

Bí àbàwọ́n wọ inú aṣọ lọ fara pamọ́, alágbàfọ̀ yìí á wá a kàn. Wáìnì ni, íńkì ni, epo ọkọ̀ ni, kò sí èyí tó dójú tì í rí. Ohun tó wá ń ya ìyàwó rẹ̀, tó ń bá a lọ aṣọ, lẹ́nu ni pé bí ọkùnrin náà bá ti kúrò nídìí ọṣẹ, ìdọ̀tí ló ń fowó rà.

Aago ọwọ́ àtijọ́ ló ń kó jọ, àwọn tó ní bọ́tìnì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́: tẹ ọ̀kan, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni tí ajá ń lé, tún un tẹ̀, á dúró gbagidi. Ọ̀kan wà tó jẹ́ àyànfẹ́, tí kò dè mọ́ ọwọ́ rí. Dúdú ni ojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n oòrùn ti mú kó ṣá títí tó fi di àwọ̀ kọfí. Lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n, àwọ̀ kọfí yẹn ni aago gan-an. Ìyókù, irin lásán ni.

Dókítà eléyín, tí òun náà ń kó aago jọ, ti wá irú rẹ̀ tì. Wọ́n wá ṣàdéhùn pé ní Sátidé, yóò mú aago olójú búlúù rẹ̀ wá, èyí tí alágbàfọ̀ ti ń lálàá rẹ̀ láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀, kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀.

Ìyàwó gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ wá wo aago. Ó wo ojú aago àyànfẹ́ tó ti ṣá, àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é. Ṣé èyí ni yóò gbé síwájú dókítà? Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó gbé e lọ bá atúnaagoṣe pé kó pààrọ̀ ojú rẹ̀, kó sì dán gbogbo ibi tó ti ha. Ojú àtijọ́ ńkọ́? Ó ti bá pàǹtírí lọ.

Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Aago ń kọ mànà.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ wò ó!"

Alágbàfọ̀ la ẹnu. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tí inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tó gba ipò kìíní. Ó pa ẹnu náà dé.

"O ṣeun," ló rí sọ, bí ẹni tó gbé egungun mì.

Kò pẹ́ tí dókítà wọlé. Ó gba aago, ó wò ó, ó sì rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ òkú.

"Ta ló ṣe irú èyí?"

Alágbàfọ̀ wo ẹ̀yìn, níbi tí obìnrin náà ti ń lọ aṣọ. "Èmi ni."

"Ìwọ? Ìwọ tí o bá mi jà nítorí mo fi áńkáṣíìfù nu aago?"

"Iṣẹ́ èṣù ni."

"Èwo ni iṣẹ́ èṣù?" ìyàwó fèsì láti ẹ̀yìn. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni o!" Ló bá jáde sí wọn.

Dókítà ṣàlàyé fún un, bí ẹni tó fẹ́ sunkún, pé ojú tó ṣá yẹn ni òun tìtorí rẹ̀ wá. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó mà ga o! Ọ̀kan ń fọ eyín, ọ̀kan ń fọ aṣọ, ẹ̀yin méjèèjì wá dúró, ẹ ń sunkún ìdọ̀tí. Dókítà, bí aṣọ funfun yín bá ní ẹyọ àmì kan, ṣé ẹ máa ń jẹ́ ká sinmi? Ó dáa, ẹ má bínú. Ẹ mú tiyín náà wá. Atúnaagoṣe ò jìnnà, ẹ ní èmi ni mo rán yín."

Dókítà fi ọwọ́ méjèèjì bo àpò, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Aago olójú búlúù bá a lọ.

Alágbàfọ̀ tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn. Kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀rín kí lẹ ń rín?" Ojú ìyàwó ti ń fà ro. "Àbí mo bà á jẹ́ ni?"

"O bà á jẹ́ pátápátá, ìyá àwọn ọmọ." Ó na ọwọ́ òsì sí i. "Wá bá mi dè é mọ́ ọwọ́. Ó kúkú ti di aago."