Oko Ọ̀pẹ fún Wákàtí Méjìlá

"Má jẹ́ kí Àlàgbé mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ohun tí bàbá mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, àtẹ́lẹsẹ̀ ti wú. Ẹ̀gún imọ̀ ọ̀pẹ ló gún un ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgbọ̀n rẹ̀ ti gan. A ò rí ẹnu rẹ̀ là, àní láti kán omi sí i. Ní ọjọ́ kẹta ó kú. Oṣù kẹjọ ọdún 1972 ni.

Fábọ̀dé ni orúkọ rẹ̀. Agboolé wa kò jìnnà sí Oko-Akarè. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló kú sí.

Àlàgbé tí bàbá mi ń bẹ̀rù yẹn kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe aláṣẹ. Oníṣòwò epo ni ní Adja-Ouèrè. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó ní ìyàwó mẹ́ta, ó sì ní ẹ̀rín kan tó máa ń rín kó tó sọ iye tí yóò san. Òun ló gba bàbá mi síṣẹ́ kó máa gun ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ ta ni? Ọ̀pẹ bàbá mi.

Màá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ má retí kí n yin ẹnikẹ́ni.

Ọgọ́jọ ọ̀pẹ ni bàbá bàbá mi fi sílẹ̀ fún un. Ó mọ̀ wọ́n bí ènìyàn ti ń mọ ọmọ. Ó mọ èyí tó ń so púpọ̀, ó mọ èyí tí oyin wọ̀, ó mọ èyí tó tẹ̀ díẹ̀ tó máa ń tan ẹni tó bá ń gùn ún. Láti ìgbà tó ti di ọ̀dọ́ ló ti ń gùn wọ́n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò mọ nǹkan kan. Kò mọ owó, kò mọ ènìyàn. Ìyá wa kú nígbà tí a ṣì kéré, kò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ọmọ méjì ló ní. Èmi Èṣùbíyì ni àgbà. Ọdún méjì ni mo lò ní ilé ìwé, wọ́n ní kí n wá máa ru ẹyìn. Fádáre, àbúrò mi, ló ń bá ìwé lọ. Èmi ni mo ru ẹyìn tó fi lọ.

Ó dé Kútọnu, ó ń gbé lọ́dọ̀ akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Rogatien. Rogatien ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹyìn ní Pobẹ̀, ibẹ̀ ló ti mọ bàbá wa. Ó jẹ́ irú ẹni tó máa ń nu àga kó tó jókòó nílé onílé. Ní ìsinmi ọdún 1968, òun àti Fádáre jọ wá. Ó nu àga wa. Ó jókòó. Ó ní àwọn kan wà ní Kútọnu tí wọ́n kó ara wọn jọ, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré kọ́ ènìyàn ní ìwakọ̀. Ó ní ọmọ òyìnbó tí kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ ń gba ìwé àṣẹ níbẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún náà ni Fádáre wà. Ó ní a ti gba òmìnira, òyìnbó ń lọ, ọmọ Dahomey tó bá ní ìwé yẹn lọ́wọ́, ńṣe ni wọn yóò máa sá tẹ̀lé e. Ogójì wákàtí lójú ọ̀run pẹ̀lú olùkọ́, ìdánwò, ó parí. Wákàtí kan, ẹgbẹ̀rún márùn-ún fàráǹkì.

Gbogbo rẹ̀ ló sọ. N kò ní parọ́ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n etí bàbá mi kò gbọ́ wákàtí. Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, káfíńtà ni o, télọ̀ ni o, bàbá rẹ̀ á san owó lẹ́ẹ̀kan, á gbé ọtí lọ, á fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ọmọ á máa gbálẹ̀, á máa pọnmi, á máa gbé ọmọ ìyàwó ọ̀gá. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, ó ti mọ̀ ọ́n, ọ̀gá á fi í sílẹ̀. Ta ló ń san owó iye ìgbà tí ọmọ fi òòlù lu ìṣó? Bàbá mi gbà pé ọ̀rọ̀ wákàtí jẹ́ ara àsọdùn àwọn tó kàwé. Ohun kan ṣoṣo ló bi Rogatien: èló ni a máa gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Rogatien wo oko ọ̀pẹ wa, ó wo Fádáre. Ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èmi kò mọ ìṣirò. Bàbá mi kò mọ ìṣirò. Fádáre mọ̀ ọ́n, torí rẹ̀ ni mo ṣe ń ru ẹyìn. Ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ya ilẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Bàbá mi fi oko ọ̀pẹ dógò lọ́dọ̀ Àlàgbé, ó gba owó náà. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹni tó gba ìdógò ni yóò máa kó ẹyìn, ọdún kan ni o, ogún ọdún ni o. Gbogbo ohun tó bá kó, kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú owó. Ọjọ́ tí o bá gbé gbogbo owó wá, ní odidi, lọ́jọ́ kan, ni ọ̀pẹ padà sọ́wọ́ rẹ. Títí di ìgbà yẹn, bí o bá gé ìdì ẹyìn kan nínú rẹ̀, olè ni ọ́.

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Pobẹ̀ lọ sí Kútọnu. Èmi ni mo gbé àkùkọ méjì àti ìgò ọtí ṣódábì ńlá kan. Olùkọ́ náà jẹ́ òyìnbó kan tí oòrùn ti sun imú rẹ̀ pupa. Bàbá mi wólẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní, "Mo fa ọmọ yìí lé ọ lọ́wọ́. Bó bá ṣẹ̀ ọ́, nà án. Jẹ́ kó máa fọ ọkọ̀, kó máa pọnmi fún ìyàwó rẹ. Bó bá ti mọ̀ ọ́n, fi í sílẹ̀ fún mi." Rogatien sọ ọ́ ní Faransé. Kò gùn tó ìmí kan. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó gba ṣódábì, ó ní ká gbé àkùkọ wa lọ. Wọ́n ka owó, wọ́n fún wa ní ìwé kékeré kan. Wákàtí méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Bàbá mi ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, ó fi sínú fìlà, ó sì ń rìn bí ẹni tó ti fi ọmọ sílé ọkọ.

Wákàtí méjìlá tán ní ọ̀sẹ̀ méje.

Ní wákàtí kẹsàn-án, olùkọ́ sọ̀kalẹ̀, ó ní kí Fádáre lọ nìkan. Ó yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, ó balẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó ti sọ ìtàn ìṣẹ́jú mẹ́fà yẹn ju iye ìgbà tí bàbá mi gun ọ̀pẹ lọ. Ní ọjà Ikpinlè wọ́n ń ra ọtí fún un kó lè tún un sọ. Ó wọ awò ojú dúdú wá sílé nígbà ọyẹ́.

Bàbá mi bi í léèrè pé, "Ṣé ọ̀gá ti fi ọ́ sílẹ̀ ni?"

"Owó ló tán, Bàbá."

"Mo ti san owó. Iṣẹ́ ni mò ń bi ọ́."

"Wákàtí ni wọ́n ń tà, Bàbá. Tiwa ti tán."

Bàbá mi mú epo dání, èmi àti òun tún padà sí Kútọnu. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí Fádáre máa fọ ọkọ̀ wọn, kí wọ́n máa fi kọ́ ọ. Òyìnbó mú un lọ síbi ọkọ̀, ó ṣí ihò tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sí, ó fi hàn án. Ó ní bí ọmọ náà bá fọ ọkọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, bẹntiróòlù kò lè ti ara àkísà jáde. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ òótọ́ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni sọ fún bàbá mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ọkọ̀ ojú irin a kọjá Sàkẹ́tẹ́. Ìgbà náà ló ní, "Ọkọ̀ òfuurufú yẹn kéré. Kò tó ọkọ̀ Àlàgbé."

Kò bá Fádáre wí. Àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò bá a wí. Mo kórìíra ìyẹn nínú rẹ̀ títí ó fi kú. Fádáre padà sí Kútọnu, ó ń fọ ọkọ̀ òfuurufú ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n sì fún un ní fìlà. Bàbá mi lọ bá Àlàgbé, ó ní kó gba òun láti máa gun ọ̀pẹ. Wọ́n ń san án ní iye ìdì tó bá gé. Ẹni ọgọ́ta ọdún, tó ń gé ẹyìn ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá kọjá lókè, Àlàgbé á dúró sídìí ọ̀pẹ, á gbójú sókè. "Fábọ̀dé, bá wa kí ọmọ rẹ o." Àwọn alágbàṣe á rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà á rẹ́rìn-ín láti orí ọ̀pẹ. Mo gbọ́ ọ. Mo wà nísàlẹ̀, mò ń ṣa ẹyìn.

Ọdún mẹ́rin ló fi gùn ún. Ìjọba ń yí padà bí ẹni ń pààrọ̀ ṣòkòtò, òun kò mọ̀. Agolo wàrà kan ló ń kó owó sí. Kò mu ọtí mọ́, kò ra aṣọ. Ó fẹ́ gba ọ̀pẹ rẹ̀ padà kó tó kú, kò fẹ́ nǹkan mìíràn. Nígbà tí ẹ̀gún gún un, ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́ta ló wà nínú agolo. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Bí Àlàgbé bá rí i pé ó ń tiro, yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń gùn ún lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Ìdí nìyẹn tí mo fi pa ẹnu mọ́.

Lọ́jọ́ tí a sin ín, Àlàgbé gbé aṣọ funfun kan wá. Ó ní ẹsẹ̀ ni wọ́n sọ pé ó pa á. Ó ní, "Ẹ ò ṣe sọ fún mi? Ǹ bá ti fi ọkọ̀ mi gbé e lọ bá dókítà ní Pobẹ̀." Mo wo ojú rẹ̀. Kò jọ irọ́. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Ìyá Ẹfúnwùmí, àbúrò bàbá mi, ló ń kó owó àwọn ẹbí jọ fún àsè ọjọ́ keje. Wọ́n fẹ́ pa ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n fẹ́ ra ọtí. Àwọn tí kò gbé ìdì ẹyìn kan lé e lórí láyé rẹ̀ ti ń sọ iye ẹran tó máa kàn wọ́n.

Fádáre dé lọ́jọ́ kẹrin, tòun ti fìlà. Ó sunkún dáadáa. Lẹ́yìn náà ó pè mí sẹ́yìn ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Owó inú agolo yẹn, wákàtí mẹ́wàá ni. Ó máa di méjìlélógún."

"Ogójì ni wọ́n ní."

"Á ku méjìdínlógún. Mo lè wá ìyẹn."

Mo bi í pé lọ́jọ́ tí Rogatien ń wo oko wa, ṣé ó mọ̀ pé owó náà kò tó.

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ká ní mo sọ ni, ẹ̀gbọ́n, Bàbá kò ní gbà."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta gaàrí. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo lọ bá Ìyá Ẹfúnwùmí, mo ní kó fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ nínú owó àsè. Ó bi mí bóyá bí ewúrẹ́ ni mo fẹ́ sin Fábọ̀dé. Mo ní ó ti wà nínú ilẹ̀, ebi kò pa á. Ó pè mí ní ẹni tó ta orúkọ bàbá rẹ̀ jẹ. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó náà, ó jù ú sílẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n fi ẹnu mú un bí ajá. Ọwọ́ ni mo fi mú un.

Àgbààgbà méjì tẹ̀lé mi dé ọ̀dọ̀ Àlàgbé. Ó ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ìdì tó ti pọ́n lórí ọ̀pẹ ṣì jẹ́ tòun. Mo ní kó gé e. Ó rín ẹ̀rín rẹ̀. Ó ní, "Èṣùbíyì, bí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ṣáà wá." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbààgbà, mo kọrí sílé. Oko ọ̀pẹ ti padà, ẹni tó fẹ́ ẹ kò sí.

Lọ́jọ́ keje, Ìyá Ẹfúnwùmí kò wá, kò sì gbé ìyókù owó wá. Àwọn ará ilé jókòó sábẹ́ igi títí di ọ̀sán. Wọn kò rí èéfín, wọn kò rí ìkòkò lórí iná. Wọ́n dìde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọn aṣọ wọn, ọ̀kan nínú wọn tutọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Fádáre ti lọ láàárọ̀ láti wọ ọkọ̀ ojú irin. Kò bi mí nípa agolo mọ́.

Mo kó àga tí wọ́n jókòó lé wọlé. Mo gbé agbọ̀n àgbàdo jáde, mo jókòó sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yín in. Kòkòrò ti wọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ju ìyẹn sí àwọn adìẹ, mo sì mú òmíràn.