Orin Tí Wọ́n Sọ Di Orin Mẹ́kà

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ìyá bàbá mi wá ṣe hájì, tó sì kó èmi náà mọ́ ẹrù tó gbé padà sílé. Tí mo bá ń sọ ọ́, àwọn èèyàn máa ń ní kí n dákẹ́, pé olóògbé ni, àti pé ó yẹ kí n máa fi “wọ́n” pè é. Mi ò ní í dákẹ́. Òun náà kò dákẹ́ nígbà tó wà láyé.

Ogun Kùwéètì kò tíì pẹ́ tó parí nígbà náà. Jẹ́ddà là ń gbé, ní àdúgbò Ruwéìsì, níbi tí òórùn ẹja ti máa ń gba ojú fèrèsé wọlé. Dókítà ni bàbá mi, ó ń ṣiṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ní ọsibítù kan. Ìyá mi wà nílé, nítorí ìwé ìgbélùú tó ní kò fún un láyè láti ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Tí ìyá mi bá fi Yorùbá pè mí, Lárúbáwá ni mo fi ń dá a lóhùn, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Obìnrin ará Jàpáànù kan ń gbé lókè wa. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun. Àárò ilé ló so òun àti ìyá mi pọ̀. Wọ́n á sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí wọ́n gbọ́, wọ́n á fi ọwọ́ júwe ìyókù. Òun ló mú kásẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin méjì kan wá, ọ̀kan ń kọrin, èkejì ń ta jìtá oníná bí ẹni tí inú ń bí. Ó ní kò sẹ́ni tí kò mọ̀ wọ́n nílùú àwọn, pé ọ̀rọ̀ orin wọn dà bí ìtàn inú ìwé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù dá lórí obìnrin kan létí òkun tí ọmọ rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Ojoojúmọ́ ló ń bu oúnjẹ sí abọ́ ọmọ náà. Oúnjẹ á tutù, á dà á nù, á tún bu òmíràn lọ́jọ́ kejì. Ní ẹsẹ tó kẹ́yìn, ọmọ náà padà wálé, ó jókòó, ó sì jẹun. Ibẹ̀ ni jìtá náà ti máa ń rọlẹ̀. Mo mọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyá mi á sì máa fi ṣíbí lu ìkòkò tẹ̀ lé mi.

Bí ìyá àgbà ṣe dé, tó ti mu omi tán, ó ní kí n wá kọ orin kan fún òun. Mo dúró ṣánṣán ní pálọ̀, mo kọ orin abọ́ oúnjẹ náà ní èdè àwọn tó ni ín. Mo rò pé á pàtẹ́wọ́ fún mi.

“Ìyàwó,” ló sọ fún ìyá mi, “kí ni ọmọ yìí ń wí?”

“Orin ni, Màmá. Ará òkè wa ló kọ́ ọ.”

“Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ẹ ò bímọ, àlejò lẹ bí.”

Ìyá mi kúnlẹ̀. Bàbá mi ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà wá dá a báyìí pé, tí mo bá ti lè ki oríkì ìdílé wa láìṣì í nígbà tí òun bá fi sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Àráfà, kí n dúró lọ́dọ̀ àwọn òbí mi. Tí mi ò bá lè kì í, òun máa gbé mi lọ sí Ìwó kí n lọ di èèyàn. Bàbá mi ní, “Ẹ ṣé, Màmá.” Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ ṣé ló sọ.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní oríkì náà, ó le bí eegun lẹ́nu mi. Mo bá bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Àárín ẹkún yẹn ni mo fi ìlà àkọ́kọ́ oríkì náà sínú ohùn orin abọ́ oúnjẹ, ó sì wọ̀ ọ́. Ìlà kejì náà wọ̀ ọ́. Níbi tí jìtá ti ń gòkè, mo to àwọn baba ńlá wa síbẹ̀. Ìyá mi kò lu ìkòkò mọ́. Tí mo bá ṣìnà, á gbá mi lẹ́nu, ẹni tí kò fọwọ́ kàn mí rí. Á wá gbá mi mọ́ra, á ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń jà fún.

Nígbà tí hájì parí, a lọ bá ìyá àgbà ní Mẹ́kà, ní àdúgbò Kakíyà, nínú yàrá tí òun àti àwọn obìnrin Ìwó gbà. Ó ti di Àlàájà, ó ti fi eyín wúrà sẹ́nu. Mo dúró láàárín wọn, mo ki oríkì náà látòkè délẹ̀. Mi ò ṣi ẹyọ kan. Àwọn obìnrin náà ń nu ojú. Ìyá mi di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Ó dùn mọ́ mi,” ni Àlàájà wí. Eyín wúrà náà yọ. Ó bá ki ọwọ́ sínú àpò tó so mọ́ ìdí, ó yọ ìwé ìrìnnà mi jáde, tìkẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Òǹtẹ̀ ìjáde ti wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń lù fún ẹni tí kò ní í padà wá mọ́. Bàbá mi ti ní kí wọ́n lù ú kí àwọn àlàájì tó gun Àráfà. Gbogbo ìgbà tí ìyá mi fi ń gbá mi lẹ́nu, tí mo ń sunkún, tí mo tún ń bẹ̀rẹ̀, ìwé yẹn ti wà lápò ìyá àgbà.

“Màmá, ẹ ní tó bá ti lè kì í,” ni ìyá mi wí.

“Mo gbọ́ ọ. Ta ni yóò fi irú ohùn yìí sílẹ̀ ní ìlú onílùú?”

Bàbá mi sọ fún ìyá mi pé kó má dójú ti òun níwájú àwọn Àlàájà.

Ní Ìwó, àlejò kì í wọlé kí wọ́n má pè mí. Mo ń ki oríkì lóhùn àwọn ará Jàpáànù, wọ́n sì ń pè é ní orin Mẹ́kà. Bí mo bá dé ibi tí jìtá ti ń rọlẹ̀, àwọn ìyá arúgbó á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa ojú, wọ́n á ní “Àmín.” Àlàájà mọ ibi tí ohùn náà ti wá, òun ló gbọ́ ọ ní pálọ̀ wa. Kò sọ fún ẹnì kankan, àpọ́nlé náà dùn mọ́ ọn.

Nígbà tí kọ́ńtíráàtì bàbá mi parí, tí òun àti ìyá mi padà wálé, mo ti di ọmọge. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé dáadáa lẹ dé?” bí ẹni ń kí àlejò. Ìyá mi wò mí títí. Ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Àlàájà ṣàìsàn kó tó kú, apá rẹ̀ kan rọ. Èmi ni wọ́n ní kí n máa fún un lóúnjẹ, ta ló tún kù? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí n kọ orin Mẹ́kà fún òun. Mo ní ṣé ó fẹ́ mọ ohun tí àwọn tó ni ín ń sọ nínú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́. Mo sọ fún un nípa obìnrin etí òkun, ọmọ rẹ̀, abọ́, àti oúnjẹ tó ń tutù lójoojúmọ́. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

“Ọmọ náà ńkọ́?” ló wí. “Ṣé ó padà?”

Mi ò gbàgbé ẹsẹ tó kẹ́yìn.

“Kò padà,” ni mo dá a lóhùn, mo sì fi ṣíbí ògì sí i lẹ́nu.